Wọ́n Ní Kí Bàbá Mi Jókòó

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ torí ẹ̀ bá mi wí nílùú òyìnbó ni pé mo bá àgbàlagbà de bọ́tìnnì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mi ò jalè, mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, mi ò rí ẹnikẹ́ni fín. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wá ojú bọ́tìnnì kiri àyà ara ẹ̀, kò rí i. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì dúró níwájú ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo bá a dè é. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa bá mi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀lé òun jáde.

"Tó o bá ń bá a ṣe é lónìí," ó ní, "tó bá dọ̀la kò ní lè ṣe é mọ́. Dúró kó o máa wò ó."

Mo ní ìkà ni wọ́n. Mo ní abájọ tí wọ́n fi ń kó àwọn òbí wọn jọ sójú kan bí adìyẹ. Mo padà wọlé, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo dúró, mo ń wo ẹni tó tó bí mi lọ́mọ tó ń bá aṣọ ara ẹ̀ jìjàkadì. Nígbà tó parí, òógùn ti bò ó. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ le bí igi, àmọ́ ó na àtàǹpàkò sókè sí mi. Mo kẹ̀yìn sí i, mo fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú mi.

Ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí ni mo ti ríṣẹ́, ní ìlú kékeré kan tó tutù bí inú fíríìsà. Kí n tó dé ibẹ̀, onídìrí ni mí ní Mówè. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn, ẹnu mi sì mú. Ẹni tí mo bá ń dirun fún kì í ráyè sùn. Nílùú òyìnbó, ẹnu yẹn di òkú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì wọn, mo kí gbogbo èrò káàárọ̀, gbogbo wọn sì yíjú sí fèrèsé. Obìnrin kan tilẹ̀ fa báàgì ẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń dá ara mi lóhùn nínú pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bí mo ṣe ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá olóbọ́tìnnì yẹn ní kí n máa pe òun ní Pítà. Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ní orúkọ òun ni. Mo ní mo mọ̀, àmọ́ ẹnu mi kò lè gbé e lásán bẹ́ẹ̀. A wá fi í sí Bàbá Pítà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá pè é ní Pítà, á ní, "Bàbá Pítà ni mí."

Àìsàn tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní Pákínsìn. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le, ohùn á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Ojú kì í lè rẹ́rìn-ín mọ́, bí inú tilẹ̀ ń dùn. Èyí tó burú jù ni pé tí aláìsàn bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Á fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ á kọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Bàbá Pítà tó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ara mi bù máṣọ, torí pé mo ti rí i rí. Nílé wa ní Ifọ̀ ni mo ti rí i.

Bíríkìlà ni Bàbá mi. Nígbà tí Ìbàfò ń di ìlú, tí àwọn ará Èkó ń sáré wá ra ilẹ̀ síbẹ̀, òun ló mọ púpọ̀ nínú àwọn ilé tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀. Kì í jókòó. Ìdúró ló fi ń jẹ ẹ̀bà, á máa wo ìlà ògiri bó ṣe ń gé òkèlè. Ìgbà tó yá, ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ló fà á. Wọ́n tún ní ó ń mutí níkọ̀kọ̀, Bàbá tí kì í fẹnu kan ọtí. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pálọ̀, gbogbo àdúgbò gbà pé ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́, pé ẹni tí wọ́n jọ du iṣẹ́ ló fi lélẹ̀ fún un.

Bí mo ṣe kúrò nílé tán ni Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, lọ gbé Bàbá láti Ifọ̀ wá sí ilé ẹ̀ ní Mówè. Èkó ni Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ará Ifọ̀ máa wo Bàbá òun bí ẹni ń wo sinimá. Gbogbo ẹbí yìn ín. Èmi náà yìn ín, mo tilẹ̀ sunkún ayọ̀ lórí fóònù.

Ní ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin kan máa ń wá láàárọ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa mú àwọn aláìsàn na ara. Ó fi tẹ́ẹ̀pù funfun lẹ ilẹ̀ kọ́rídọ̀ níbùú-níbùú bí àkàsọ̀. Ó ní kí Bàbá Pítà gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an, kó dá ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá, kó máa ju apá, kó sì máa kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ohùn ẹ̀ jáde. Bàbá Pítà bú u. Ó bú ìyá ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ní ó ṣeun, ó ní kó tún lọ.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ẹsẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bá ti rí ìlà, á ṣí. Mi ò mọ ìdí ẹ̀, ọmọbìnrin yẹn sì ṣàlàyé, kò yé mi tán. Àìsàn kò lọ o, kò sì sẹ́ni tó purọ́ fún wa pé á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọjọ́ fi máa gbóná díẹ̀, Bàbá Pítà ti ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò láti lọ ra ìwé ìròyìn ẹ̀. Ó ń dá ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ wọ̀. Ó ń bá àwọn arúgbó yòókù jiyàn lórí eré bọ́ọ̀lù. Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi tó wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá ń rìn, àìsàn á máa bá a rìn ni. Ẹni tó bá jókòó, àìsàn á jókòó lé e lórí.

Mo ra káàdì ìpè, mo pe Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wà bí ọba," ó ní. "Mo ti ra àga tuntun fún un, èyí tó ń gbé èèyàn mì. Kò ṣe nǹkan kan mọ́. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wọṣọ fún un. Omi gan-an, ẹnu ni wọ́n ń gbé e sí fún un."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa rìn." Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo rí, ìlà, apá jíjù, kíkà sókè. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí wọ́n lè sọ pé èmi Dọ̀tun ń fi bàbá mi ṣe máàṣì? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Bàbá ti ṣe tiẹ̀. Ó ti ru bulọ́ọ̀kù tó. Àwọn òyìnbó tó ò ń rí yẹn, wọn ò lọ́mọ tó lè tọ́jú wọn ni wọ́n ṣe ń lo arúgbó bí ẹrú. Ṣé ìwọ náà ti wá ń ronú bíi tiwọn?"

"Dókítà ibi iṣẹ́ wa ló sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé dókítà yẹn ló bí Bàbá ni, àbí Bàbá ló bí i?"

Mo ní kó fún mi ní Bàbá. Ohùn Bàbá ti rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti fi ìka di etí mi kejì.

"Ìyá mi," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí pé ẹ̀yìn ikú ìyá ẹ̀ ni wọ́n bí mi.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ara ń le?"

"Mo fẹ́ dìde." Ó mí. "Sọ fún wọn. Mo fẹ́ máa lọ síta."

Bọ̀ọ̀dá gba fóònù. "Ṣé o gbọ́ ọ?" ó ní. "Ó ní òun ń kí ẹ, ó ní o ṣeun."

Àwọn tó wà nílé rò pé ẹni tó wà lókè òkun ní ẹnu ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Tẹ́nì kan bá ti wọ bàálù lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ di ọ̀rọ̀ àlejò. Tó bá fọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á gbà. Tó bá lòdì sí nǹkan, wọ́n á ní ó ti di òyìnbó. Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó náà ẹ̀wẹ̀, wọn kì í bi mí ní nǹkan kan àyàfi ibi tí mo kó ìbọ̀wọ́ sí. Mi ò sí nínú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, mi ò sì sí nínú àwọn tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè lọ sílé, torí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Tí mo bá fi lọ, mi ò lè padà. Ọmọ aráyé lè ní kí n lọ náà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ẹnu tó ń jẹun lára iṣẹ́ mi.

Mo pe Ìyá Ìní, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, lọ́jọ́ iṣẹ́ nígbà tí ọkọ ẹ̀ ti lọ sí Èkó. Tẹ́lọ̀ ni, inú ilé ló ti ń ránṣọ, òun ló sì ń ṣọ́ Bàbá lọ́sàn-án. Mo ní kó bá mi máa mú Bàbá rìn.

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ kí ọkọ mi lé mi jáde," ó ní.

Mo ní kó gbàgbé ẹ̀, kó má bínú. Mo ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí, Bàbá sunkún lánàá. Wọ́n fẹ́ tọ̀, wọn ò lè dìde lórí àga yẹn, ojú sì ń tì wọ́n láti pè mí, èmi ìyàwó ọmọ wọn. Wọ́n tọ̀ sára. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bojú." Òun náà ti ń sunkún. "Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà yẹn fún mi."

Ṣọ́ọ̀kì tí àwọn tẹ́lọ̀ fi ń sàmì sára aṣọ ló fi fa á sílẹ̀ kọ́rídọ̀. Ó gbé Bàbá kúrò lórí àga ọ̀gbun yẹn, ó gbé e lé àpótí onípákó. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ìlà ẹ wọ́." Ó ní kó mú òwú ìránṣọ wá, kó di orí ẹ̀ mú, òun á di ìdí ẹ̀ mú, kí wọ́n fà á kó tọ́. Bíríkìlà ò kú nínú ẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló fi di òwú mú títí ìlà fi tọ́. Nígbà tí Ìyá Ìní ń sọ ọ́ fún mi, mo wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Tí Bọ̀ọ̀dá bá ti lọ, wọ́n á fàlà. Ìyá Ìní á máa pàtẹ́wọ́, Bàbá á máa gbé ẹsẹ̀ sókè, á máa ju apá, á máa kà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìní á fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, Bàbá á padà sórí àga bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ń bu omi mu fúnra ẹ̀. Ó ń dá lọ tọ̀. Ó ń bá Ìyá Ìní já bọ́tìnnì àtijọ́ kúrò lára aṣọ. Lọ́jọ́ kan tí mo pè, òun ló gbé fóònù, mi ò sì nílò láti di etí kejì. "Ìyá mi," ó ní, "mo ti dé ẹnu géètì. Mo rí Mówè. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, ilé burúkú, gbogbo ògiri ẹ̀ ló ti yẹ̀." Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún Bàbá Pítà. Ó ní kí n bá òun kí i. Ó ní kí n sọ fún un kó má gbà fún ẹsẹ̀ ẹ̀, pé òpùrọ́ ni ẹsẹ̀.

Ayọ̀ ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ wọn àti àwọn àgbà ìjọ tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá wálé láti wá gbàdúrà fún Bàbá. Bàbá ti wọ agbádá, wọ́n ti gbé e sínú àga. Nígbà tí àwọn àlejò fẹ́ máa lọ, ó wu Bàbá mi láti sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà bí onílé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ó fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ó dìde fúnra ẹ̀. Kò sí ìlà nílẹ̀, torí náà ló ṣe gbé ẹsẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ju apá nínú agbádá, ó sì ń kà á ní ohùn òkè: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Ìyá Ìní ló sọ ìyókù fún mi. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀mí àìmọ́ ti dìde." Ni wọ́n bá rọ́ bò ó. Wọ́n tẹ èjìká ẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní jókòó, ní orúkọ Jésù, jókòó. Bàbá ń ti ara ẹ̀ sókè, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń pariwo, "Ẹ̀rin! Àrún!" torí ó rò pé tí òun bá ṣáà ti ń kà á, ẹsẹ̀ òun á ṣí. Bó ṣe ń kà á tó ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tó. Ìyá Ìní kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun kọ́ Bàbá ní nǹkan yẹn, pé eré ìdárayá ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Bọ̀ọ̀dá kò gbọ́ eré ìdárayá. Ohun tó gbọ́ ni pé ìyàwó òun àti àbúrò òun ń fi bàbá òun ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn òun, àti pé Pásítọ̀ ti rí i.

Ó pè mí lálẹ́ yẹn. "Má pe ìyàwó mi mọ́," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn Bàbá, wá sílé wá tọ́jú ẹ̀." Ó mọ̀ pé mi ò lè wá.

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù fún Ìyá Ìní sí etí ọ̀nà, wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n gba obìnrin kan tí á máa jókòó ti Bàbá. Wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́ àga, wọ́n ní kó má baà ṣubú. Ọ̀já náà rẹwà, Bọ̀ọ̀dá ló rà á, aṣọ òkè ni. Ìjókòó yẹn dá egbò sí i nídìí. Ohùn ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́, ó ń bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àyà ẹ̀ sì di. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ó ti lọ, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Bàbá Pítà rí mi ní òpin kọ́rídọ̀, ó rìn wá bá mi, ó dá gbogbo ìlà yẹn kọjá, ó bi mí pé kí ló dé. Mo kórìíra ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kórìíra ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n fi fídíò ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi nínú sídì. Mo wò ó nínú yàrá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Pásítọ̀ pe Bọ̀ọ̀dá jáde síwájú ìjọ, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ẹ wo ọmọ," ó ní. "Láti ọjọ́ tí Bàbá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Bàbá kan ilẹ̀." Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá sunkún, ẹkún gidi. Ìyá Ìní wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Mo pè é.

"Ṣé o rí fídíò?" ó ní.

"Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú ìnáwó."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Pásítọ̀ sọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Mo ti to èébú sẹ́nu kí n tó pè é. Nígbà tí mo gbọ́ bí inú ẹ̀ ṣe ń dùn, mo gbé èébú mì, mo sì ṣàdúrà fún un, bí àbúrò ṣe ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n tó sin òbí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú Bàbá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ọmọ yín á ṣe tọ́jú yín."

"Àmín," ó ní.

"Wọn ò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ẹ̀."

"Àmín, ní orúkọ Jésù. Jẹ́ kí ìyàwó mi náà gbọ́ ọ."

Ó gbé fóònù fún Ìyá Ìní. Mo tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá Ìní kò ṣe àmín. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ọkọ ẹ̀ má gbọ́, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bọ̀ọ̀dá ti gba fóònù padà. Ó ní òun ti pe àwọn ọmọ wá, ó ní kí n tún àdúrà yẹn ṣe kí wọ́n lè jọ ṣe àmín. Mo tún un ṣe.